Ọwọ́ Tí A Fi Ń Júwe Ilé Baba

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ìyá Àgbà, ẹ̀yin tí ẹ bí olórí ẹbí, tí ẹ sì tún bí bàbá mi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún. Bàbá Olórí Ẹbí, igi ńlá tí òjìji rẹ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mo kí yín. Bàbá mi, Oníbúrọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ń mú pákó lásán sọ̀rọ̀, mo kúnlẹ̀. Màmá mi, ẹ kú àárò mi. Ẹ̀gbọ́n mi télọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ jókòó sórí àga gígùn ẹnu ọ̀nà, tí ẹ ń dúró de pátákó yín, ẹ má bínú pé lẹ́tà ló dá ọwọ́ Bàbá dúró. Mo mọ̀ pé bí Bàbá ṣe ń ka èyí sókè, etí gbogbo yín ló ń gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé wa.

Ara mi dá. Mo ti kúrò ní ilé ìfọṣọ tí mo ti ń lọ aṣọ ibùsùn. Iṣẹ́ tuntun ni mo ń kọ́ báyìí: bí a ṣe ń kọ́ ìkànnì ayélujára tí gbogbo ènìyàn lè lò, ìbáà ṣe ẹni tí kò ríran, ẹni tí kò gbọ́ràn, tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ohun tí ọwọ́ ń dì mú. Olùkọ́ wa fúnra rẹ̀ kò ríran. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ a máa ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀ sókè fún un, kíákíá bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí gbogbo wa gbé ọwọ́ kúrò lára máòsì, ìyẹn ohun kékeré tí a fi ń tọ́ka lójú kọ̀ǹpútà, kí a fi bọ́tìnnì nìkan wọ ìkànnì kan tí a ti ń lò tipẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa há sí. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti rí i báyìí. Ilé dára, ilẹ̀kùn ni kò sí."

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá. Ní ọjọ́ tí oṣù Karùn-ún bá parí, olúkúlùkù wa yóò gbé ìkànnì tí ó kọ́ kalẹ̀, ènìyàn mẹ́ta yóò sì dán an wò: ẹnìkan tí kò ríran, ẹnìkan tí kò gbọ́ràn, ẹnìkan tí bọ́tìnnì nìkan ni ó lè lò. Ẹni tí tirẹ̀ bá yege ni wọ́n ń gbà sí iṣẹ́. Ẹni tí kò bá yege, kí ó wá ọ̀nà ibòmíràn. Èmi kò ní ibòmíràn, Bàbá.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín kọ́ ìkànnì mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́tò pátákó márùn-ún ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì kọ ohun tí ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀rọ̀ ara yín, kí ẹ̀rọ lè kà á fún ẹni tí kò lè rí i. Mo lè wo fọ́tò kí n kọ ọ́ fúnra mi, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní ẹni tí ó ṣe nǹkan ló mọ ohun tí ó fẹ́ kí ènìyàn rí níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Akọ̀wé Kékeré


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Ọmọ mi àtàtà, Akọ̀wé Kékeré, ọmọ tí kì í ṣi ipò ẹnikẹ́ni gbé, mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, mo sì kà á sókè. Inú Ìyá Àgbà dùn pé òun ni o kọ́kọ́ kí. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì ń ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ dáadáa. Iṣẹ́ tí o ń kọ́ jẹ́ iṣẹ́ ọmọlúàbí. Ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́, ilẹ̀kùn kò ní tì mọ́ òun náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Èyí ni lẹ́tà kẹrin tí o fi ẹ̀rọ tẹ̀ sí mi. Níbo ni ọwọ́ rẹ wà? Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkọ̀wé. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, àwọn àgbà a máa dúró lẹ́yìn rẹ láti wo bí o ṣe ń fa ìlà lára pákó. Olórí Ẹbí gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ mi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Àbúrò, kí ni a ṣe? Ilé ẹjọ́ nìkan ló ń kọ irú èyí sí ènìyàn." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Lẹ́tà tí ọmọ fi ẹ̀rọ tẹ̀ sí òbí rẹ̀, ọwọ́ òsì ni lójú mi.

Ní ti pátákó, ogójì ọdún rèé tí mo ti ń kọ ọ́. Pátákó tí a bá ń fi ẹnu ṣàlàyé ti kú. Ẹni tí ó dé iwájú rẹ̀ tí ó ní kí a sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún òun, ó ti bú ẹni tí ó kọ ọ́. Ìwọ wá fẹ́ kí n jókòó, kí n máa ro ẹjọ́ pátákó mi bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì.

Síbẹ̀, ọmọ mi ni ọ́. Fi ọwọ́ rẹ kọ ojú ìwé kan péré sí mi. Ọjọ́ tí ó bá dé ni n ó mú kálámù. Má sì ní kí a sọ ọ́ lórí fóònù. Ohùn fóònù kì í dúró kí ènìyàn tún un kà.

Bàbá rẹ,
Oníbúrọ́ọ̀ṣì


Ogúnjọ́, oṣù Kẹta

Ìyá Àgbà, mo tún kí yín, mo sì tún kí yín, kí Bàbá má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa padà sẹ́yìn. Bàbá Olórí Ẹbí, kò sí ẹjọ́, mo kí yín. Bàbá mi, Màmá mi, ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga, ẹ kú ìjókòó.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka títẹ̀ sí ìgbéraga. Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ ló fẹ́ kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbà gbogbo kí ara mi lè mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yín kò ṣòfò lára mi.

Mo kọ́ ojú ewé àkọ́kọ́. Mo fi orúkọ iṣẹ́ yín sókè pátápátá, ó tóbi, ó pọ́n bí ọsàn. Inú mi dùn sí i. Olùkọ́ wa fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí, ó ní kí ẹ̀rọ máa kà. Ẹ̀rọ ní: "Ẹ kàn sí wa. Padà sókè. Àlejò ọgọ́rùn-ún ti wá síbí." Ó ka gbogbo ohun tí mo fi sí ìsàlẹ̀ tán, ìkẹyìn gan-an ló wá pe "Oníbúrọ́ọ̀ṣì." Olùkọ́ ní, "Ta ló ni ilé yìí? Àlejò ti jẹun tán kí baba ilé tó wọlé." Mo ní, "Ó wà lókè, ọ̀gá, kò sí ẹni tí kò ní rí i." Ó ní, "Lójú ta ni?"

Àṣìṣe mi ni pé ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ, mo wá fi ọgbọ́n gbé orúkọ yín lọ sókè, bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣe kọ ọ́ tẹ̀léra ni ẹ̀rọ ń kà á. Ojú gbà bẹ́ẹ̀, etí kò gbà. Ojú lè fo, ojú lè yàn. Etí máa ń dúró ni kí ọ̀rọ̀ kàn án. Mo jókòó síbẹ̀, mo rántí ilé wa, bí ẹ ṣe ń kí àwọn àgbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣáájú ẹni tí ó jù ú lọ. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un tò bí ìkíni yín. Nígbà tí olùkọ́ tún gbọ́ ọ, ó ní ta ló kọ́ mi ní ètò. Mo ní bàbá mi ni.

Ó ku ọjọ́ méjìléláàádọ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹni tí ń pín lẹ́tà ń wá lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ wo àpótí. Bàbá, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Akọ̀wé Kékeré


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin

Sí ẹni tí ó tẹ lẹ́tà yìí.

Mo kí ọ. Ara gbogbo ilé dá. O yìn mí, mo gbọ́, ìyìn náà sì kún; ṣùgbọ́n ìyìn kọ́ ni mo béèrè. Olórí Ẹbí bi mí pé: "Ṣé ọmọ wa ló ń kọ èyí, àbí ẹlòmíràn ló ń bá a kọ ọ́?" Ẹ̀gbọ́n rẹ télọ̀ ní ẹni tí ó bá dé òkè òkun, ọwọ́ rẹ̀ a máa wúwo. Ìyá rẹ gbé lẹ́tà rẹ àtijọ́ jáde, èyí tí o fi ọwọ́ kọ, ó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ, tọ ìlà rẹ̀ bọ̀.

Fọ́tò márùn-ún rèé: ti onígbàjámọ̀, ti ilé-ìwé, ti ilé ìwòsàn, ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ, àti ti iwájú ilé wa. N kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí ẹ̀yìn wọn. Ẹni tí kò ríran, kí ẹni tí ó ríran fà á lọ́wọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ní etí máa ń dúró kí ọ̀rọ̀ kàn án, Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ ti ṣú láti ogún ọdún, dá mi dúró. Ó ní, "Ìwọ, kí ni o kọ sí pátákó tí ó wà lókè orí mi níbi tí mo ń jókòó sí?"

Mo ní, "Ìyá, pátákó ilé ni."

Ó ní, "Ṣé mo ní pátákó ọkọ̀ ni? Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni mo ń bi ọ́."

Mo bá ọ̀nà mi lọ, nítorí inú ń bí mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń kọjá, a máa gbé ojú sókè síbi pátákó bí ẹni tí ń dúró de àlejò. Wo ohun tí o dá sílẹ̀ nínú ilé mi.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún
(Fún Bàbá nìkan)

Bàbá mi,

Ẹ má ka èyí sókè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wọ yàrá.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ẹ foríjì mí.

Kò sí ẹni tí ń bá mi kọ̀wé. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni kò dì mọ́. Ní ilé ìfọṣọ, ní ọdún tó kọjá, ẹ̀rọ tí ń lọ aṣọ ibùsùn fa aṣọ wọlé, ó sì fa ọwọ́ mi tẹ̀lé e. Àtàǹpàkò nìkan ló ń gbọ́ tèmi báyìí. Kálámù a máa bọ́. Máòsì a máa bọ́. Ẹni tí bọ́tìnnì nìkan ni ó lè lò, tí mo sọ fún yín, èmi náà ni.

Báwo ni n bá ṣe sọ ọ́? Ẹnu yín ni lẹ́tà mi ń gbà dé etí gbogbo ilé. Mo rò ó pé ẹ ó kà á dé ibẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, níwájú àwọn tí ń dúró de pátákó, ẹ ó sì fi ẹnu ara yín kéde pé ọwọ́ tí ẹ kọ́ ti lọ. N kò lè fi iṣẹ́ yẹn rán yín.

Ẹ ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bàbá, òun nìkan ló kù fún mi.

Ọjọ́ méjì ni ìwé yìí gbà. Ó wọ́. Mo mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́, ọwọ́ yín ni mo fi í sí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún

Ẹ̀yin àgbà mi gbogbo, mo kí yín ní ipò yín. Ẹ dárí jì mí, n kò lè to ìkíni dáadáa lónìí.

Bàbá, n kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Àga kan ṣoṣo ló wà ní yàrá mi. Mo ti gbé e sí gbogbo igun, mo ti jókòó sí gbogbo igun, kò sí èyí tí ó gbà mí. Mo gbé fọ́tò márààrún sí ìkànnì náà, mo sì ní kí ẹ̀rọ kà á fún mi. Ó ní, "Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán." Olùkọ́ wa kọjá lẹ́yìn mi, ó ní, "Bàbá rẹ mà dákẹ́ o."

Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ fúnra mi. Mo kọ "Pátákó onígbàjámọ̀." Òótọ́ ni, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Mo pa á rẹ́. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sínú ìwé kí ẹ fi ránṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ni n kò mọ bí a ṣe ń kà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Karùn-ún

Níwájú Ìyá Àgbà, orísun gbogbo wa. Níwájú Olórí Ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀ lásán. Níwájú ìyá rẹ, tí ó mọ̀ ọ́ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́ lọ. Níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ télọ̀, àti níwájú àlejò méjì tí wọ́n ti fara mọ́ ọn pé pátákó wọn kò ní yá lónìí, ni mo jókòó kọ ìwé yìí sí ọ, ọmọ mi ọ̀wọ́n. Bí mo ṣe ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo ń kà á sókè.

Àná ni lẹ́tà rẹ tí o fi ọwọ́ òsì kọ dé. Nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn tí mo kọ pátákó fún ń padà sí ìlú tí o wà lọ́la. Òun ni yóò fi èyí lé ọ lọ́wọ́, kí ọjọ́ rẹ má baà kọjá.

Mo rí "Fún Bàbá nìkan" tí o kọ sí ẹ̀yìn àpòòwé, mo sì wọ yàrá lọ bí o ti wí. Nígbà tí mo jáde, kò sí ẹni tí ó tíì dìde. Olórí Ẹbí ní, "Kí ni ọmọ wí?"

Mo ní, "Ó ń kí yín."

Ìyá Àgbà ní, "Ìkíni ló mú ohùn rẹ gbọ̀n báyìí? Jókòó. Kà á."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní òun nìkan ló kù fún ọ, ìyá rẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀ bí ó ti ń ṣe fún ti àtijọ́, ó tọ̀ ọ́ dé òpin, ó ní, "Ọmọ mi ló kọ èyí." Olórí Ẹbí ní, "Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ta ló wá ní òsì kì í ṣe ọwọ́?" Èmi ni ó ń wò bí ó ti ń sọ ọ́.

Ọmọ mi, mo jẹ̀bi. Ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ ni mo ń fi ìbínú béèrè lọ́wọ́ rẹ, lẹ́tà lórí lẹ́tà. O ń kúnlẹ̀ kí mi, èmi ń wo bí o ṣe kúnlẹ̀.

Nígbà tí ilé dákẹ́, mo lọ jókòó ti Ìyá Àgbà lábẹ́ pátákó. Mo ní, "Ìyá, àwọ̀ aró ni ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: Ẹni tí ó bá rẹ̀, kí ó jókòó."

Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí àwọn tí n kò mọ̀ fi ń wá jókòó tì mí. Mo ti rò pé ẹwà mi ni." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó gún?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ gún, àfi lẹ́tà tí ó kẹ́yìn. Ó tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ jókòó lóòótọ́. Akọ̀wé Kékeré ló kọ ìyẹn nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún méje."

Ó ní, "Má tún un ṣe."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi fi jókòó lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi tí n kò sọ ọ́ fún un. Mo ní pátákó tí a bá ṣàlàyé ti kú. Àná ni mo rí i tí ọ̀kan jí. Nítorí náà, gba ọ̀rọ̀ tí o béèrè, kí o sì tò ó bí mo ṣe tò ó.

Ti onígbàjámọ̀: orí ènìyàn mẹ́ta lórí pákó funfun, irun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bí a ṣe gé tirẹ̀. Méjì ń wo iwájú. Ẹni àárín ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, kò sì fẹ́ dìde.

Ti ilé-ìwé: ọmọ mẹ́ta ń sáré wọ ẹnu ọ̀nà. Bàtà ẹni ìkẹyìn ti bọ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Ti ilé ìwòsàn: ọwọ́ méjì di ife omi kan mú. Omi náà kún dé ẹnu, kò sì dà, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lè mọ̀ pé ẹni tí yóò tọ́jú òun kì í kánjú.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ: abẹ́rẹ́ kan tí ó ga ju ènìyàn lọ. Okùn pupa jáde lójú rẹ̀, okùn náà ló sì kọ "Télọ̀" láìjá níbì kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n fi kún un pé òun kì í pẹ́ dá aṣọ. N kò fi kún un. Ìkànnì tí ń ṣojú ilé wa kò gbọdọ̀ purọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó ku ẹyọ kan. Ìyá Àgbà, Olórí Ẹbí, ìyá ọmọ, télọ̀, ẹ̀yin àlejò wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìkéde mi. Pátákó karùn-ún ló kàn báyìí, èyí tí ó wà ní iwájú ilé yìí, tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi, tí ó wá ku kí ọmọ mi gbọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí yóò pẹ́, yóò sì wọ́. Láti ìlà tí ó tẹ̀lé èyí lọ, ọwọ́ òsì ni n ó fi júwe ilé wa.